Ọdún Tí A Jẹ Epo Oníyanrìn

Àwọn ọmọ mi ti fi òfin de epo pupa fún mi. Dókítà kan ló sọ fún wọn pé ọkàn obìnrin tó ti dàgbà tó mi ò fẹ́ epo púpọ̀ mọ́, pé ṣíbí kan ti tó fún odindi ìkòkò ọbẹ̀, kí n sì máa dúpẹ́. Ni àbíkẹ́yìn mi obìnrin, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé ní Hotoro ní Kano níbí, bá gbé ìgò epo mi sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ò lè tó láéláé. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀! N kò bá a jà. Dókítà náà ò kúkú purọ́, ohun gbogbo ló ní ìwọ̀n, ẹsẹ̀ mi tó ń wú náà sì mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó ti ọbẹ̀ tó funfun bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn yẹn, ọkàn mi á sá padà lọ sí Sabon Gari, sí ọdún kan tí mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí mò ń jẹ irú ọbẹ̀ yìí láàárọ̀ lálẹ́ nínú ilé tí epo pupa kún dé òkè àjà. Ọdún yẹn ni ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ fún.

Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ń gbé, obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Elépo. Ìyá mi ti kú lórí ìkúnlẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, wọ́n gbé e lọ sí Gúsáù, kò pẹ́ kò jìnnà ó fẹ́ ìyàwó míì níbẹ̀. Ọjọ́ tó mú mi wá, ó gbé àpótí mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ pa mí lórí, ó ní, "Àjíkẹ́, máa gbọ́ràn sí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu. Bí mo bá ti rí yàrá tó tóbi díẹ̀, mo ń bọ̀ wá mú ọ." Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ju ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Mo ti kọ́ yàrá náà tán lọ́kàn mi: mo mọ ibi tí ẹní mi wà, mo mọ apá ibi tí fèrèsé kọjú sí. Bí ọkọ̀ ojúirin bá ti fọn fèrè lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, gbogbo ara mi á dìde, lẹ́yìn náà màá tún jókòó. Ìyá Elépo fúnra rẹ̀ kò bímọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí wọ́n ń bá ọmọdé sọ, èmi náà ò sì mọ orúkọ tí mo lè máa pè é. "Ìyá Elépo" ni àwọn oníbàárà ń pè é. "Màmá" sì ń há mi lọ́fun, torí ẹni tó ni orúkọ yẹn ti wà nínú ilẹ̀. Mo kàn máa ń lọ dúró níwájú rẹ̀ títí á fi wò mí.

Láàárọ̀, ìró tí mo kọ́kọ́ ń gbọ́ ni ti ẹ̀rọ télọ̀ tó ń gbé ní yàrá ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà agogo ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà tí Ìyá Elépo ń lọ, lẹ́yìn náà amàláńké, kẹ̀kẹ́ ẹrù ńlá tí àwọn ọkùnrin Hausa ń tì bọ̀ láti tẹ́ṣọ̀n, tó ń ké bí ẹni tí inú ń rún. Amàláńké ló ń kó epo wa wá. Láti ilẹ̀ Yorùbá lọ́hùn-ún ni epo ti ń wọ ọkọ̀ ojúirin, nínú gàráwà onípáànù tí wọ́n jó lẹ́nu pa. Ọ̀pẹ kan ò sí ní gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ mi dé ní Kano. Inú ìwé kíkà wa ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí ọbẹ̀ rẹ̀ rántí ilé, ọ̀dọ̀ Ìyá Elépo ló ń bọ̀, pẹ̀lú ìgò ọtí bíà tí wọ́n ti fọ̀ tàbí agolo mílíìkì fún ẹni tí agbára rẹ̀ ò gbé ìgò. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wa, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ rú u: ilé elépo kì í jẹ epo. Ìyá Elépo á ní, "Bí ìka kan bá tọ́ epo, á ran ìyókù. Lónìí ṣíbí kan, lọ́la agolo kan, ọjọ́ tí ojú elépo máa là, gàráwà ti di ìlù." Gbogbo àwọn elépo ìgbà náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ń yangàn.

Òróró ẹ̀pà ni à ń jẹ. Obìnrin Hausa kan tó ń jẹ́ Inna Làràbá ló ń gbé e wá láti Gwagwarwa, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, kóńgò òróró lọ́wọ́, igbá kulíkúlí gbígbóná lórí. "Sannu, Ìyá Elépo!" "Yauwa, Inna, sannu da zuwa!" Ẹ̀pà pọ̀ ní Kano nígbà yẹn ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ. Àpò ẹ̀pà ni wọ́n ń tò jọ lẹ́bàá ojú irin bí òkè, tí a ń wò wọ́n láti ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Òróró rẹ̀ la fi ń se ọbẹ̀, òun la fi ń yí ẹ̀wà, òun náà la fi ń dín àkàrà. Òrí wà nínú igbá fún ọyẹ́, tí à ń fi pa ètè àti gìgísẹ̀ tó bá ti là. Àdí wà nínú ìgò dúdú lábẹ́ ibùsùn fún ibà. Bí ara mi bá gbóná, Ìyá Elépo á fi kùn mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, màá sì máa rùn nínú kíláàsì títí ọjọ́ ìsinmi. Kí n má tàn yín, òróró ò wọ́n wa. Ara ń mu ún, fìtílà ń mu ún, ètè ń mu ún. Ẹnu nìkan ni epo pupa kì í dé.

N kò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, mò ń ríran bí àṣá, mo lè rí eṣinṣin lórí gàráwà láti ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń wọ̀ sẹ́yìn ilé, àfi bí ẹni pé ẹnì kan ń fa aṣọ bo ohun gbogbo. Kànga á kọ́kọ́ lọ, okùn tí a ń sá aṣọ sí á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ojú àwọn ènìyàn, tó fi jẹ́ pé ohùn wọn nìkan ló máa kù lágbàlá. Mo rò pé bó ṣe ń rí fún gbogbo ayé nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ kan ni Títí, ọmọ télọ̀, pè mí síbi eré. "Ke, Àjíkẹ́, zo mu yi wasa!" Hausa làwa ọmọ fi ń ṣeré, Yorùbá wà fún àwọn àgbà àti fún àdúrà. Bojú-bojú la ń ṣe. Wọ́n fi gèlè dì mí lójú, wọ́n kọrin, wọ́n sá pamọ́, wọ́n ní kí n tú gèlè. Mo tú u. Kò sí ìyàtọ̀. Mo na ọwọ́ síwájú, mò ń wá wọn, gbogbo wọn sì ń gbọ̀n rìrì fún ẹ̀rín níbi tí wọ́n dúró sí, nítorí pé wọn ò tiẹ̀ sá pamọ́ jìnnà; ilẹ̀ ò tíì ṣú lójú tiwọn. Mo lọ fi iwájú orí gbá etí kànga. Ni Títí bá pariwo, "Kaza! Ẹ wò ó, bí adìẹ tó ṣìnà ilé!" Láti ọjọ́ náà, Kaza di orúkọ mi. "Kaza, ilẹ̀ ti ṣú, lọ sùn!" Mo ní èmi ò fẹ́ràn eré. Àwọn ọmọdé tètè máa ń gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, wọn ò pè mí mọ́. Mò ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tó ń sá lọ sá bọ̀. Mo ti di opó, mo ti sin ọkọ, mo ti sin ọmọ kan, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá mo tún dá wà rí bí mo ṣe dá wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Ẹ̀rù ló wá kún un. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn afọ́jú máa ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n á máa kọrin tọrọ. Ọ̀kan nínú wọn ní ọmọbìnrin kan tí kò ju mí lọ, tó ń fà á. Ọmọ náà á di orí ọ̀pá kan mú níwájú, afọ́jú á di orí kejì mú lẹ́yìn. Mo máa ń wo ọ̀pá yẹn ju afọ́jú náà lọ. Mo mọ̀ pé tèmi ń bọ̀. Ohun tí mò ń rò ni pé, bí ojú mi bá fọ́ tán, ta ló máa di orí kejì mú? Mo ka gbogbo ènìyàn tí mo mọ̀. Ìyá mi ti kú. Títí á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Elépo ní epo tó ń tà. Bàbá mi ńkọ́? Ta ló ń wá yàrá tó tóbi nítorí afọ́jú? Mo pinnu pé n kò ní sọ fún ẹnì kan, kí bàbá mi má baà gbọ́. Mo fi ẹsẹ̀ kọ́ ilé náà sórí. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá láti ẹnu ọ̀nà wa dé kànga. Mẹ́rìnlá láti ìdí àdògán dé ẹ̀yìnkùlé, ògiri lọ́wọ́ òsì. Àwọn gàráwà wà lẹ́bàá ògiri lọ́wọ́ ọ̀tún, wọn kì í kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá rí mi tí mò ń rìn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, á ní ọmọ tó ní ìwà pẹ̀lẹ́ ni mí.

Ọjọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ ojúirin pẹ́ kó tó dé. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ kí amàláńké tó já gàráwà mẹ́fà sílẹ̀ fún wa. Ìyá Elépo fúnra rẹ̀ ló ṣí ọ̀kan, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní epo náà dára. Ó wọlé lọ jókòó. Kò pẹ́ tó fi ké sí mi, "Àjíkẹ́, lọ gbé ìgò òfìfo mẹ́rin wá lẹ́yìnkùlé. Oníbàárà ń bọ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ mi. Ní ìkẹfà, níbi tí kò yẹ kí ohunkóhun wà, ẹsẹ̀ mi gbá páànù. Mo gbọ́ ọ tó ṣubú, mo gbọ́ gbulu-gbulu-gbulu, nǹkan kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sì rọra gun orí ìka ẹsẹ̀ mi. Mo dúró sójú kan. N kò rí i. Òórùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀.

"Kí ni mo gbọ́ yẹn?" Ohùn Ìyá Elépo ti ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Àjíkẹ́! Kí ló dà?" Ìyàwó télọ̀ ló gbé àtùpà sáré dé, ó ní, "Yéè! Epo ti dànù o!" Ni Ìyá Elépo bá ká ọwọ́ lérí. "O pa mí! Odindi gàráwà! Ojú rẹ ńkọ́? Àbí ìpàkọ́ ni Ọlọ́run fi tìrẹ sí?" Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, ó kù díẹ̀ kó jáde: n kò ríran, mà. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n mo rí ọ̀pá yẹn lọ́kàn mi, tí ẹnì kankan ò di orí kejì mú. Mo ní, "Mò ń sáré ni, mà." Ó fa omorogùn yọ, ó lù mí títí ìyàwó télọ̀ fi dì í mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Elépo, ọmọdé ni. Epo ló dà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀." Ó dá a lóhùn, "Ẹ̀jẹ̀ mi ni, ìwọ ni o ò mọ̀." Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n fi igbá kó ohun tí wọ́n lè kó nílẹ̀, epo àti yanrìn, wọ́n dà á sínú ìkòkò ńlá.

Ní ọjọ́ kejì Ìyá Elépo da omi sí i, ó gbé e kaná, ó jẹ́ kó tòrò, ó wá ń bu epo tó léfòó lójú. Lẹ́ẹ̀mẹta ló ṣe é. Yanrìn ò tán. "Elépo tó bá ta eléyìí," ó ní, "kó ti ilẹ̀kùn kó máa lọ sílé." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ lo dà á, ìwọ lo máa jẹ ẹ́ títí á fi tán. Èmi náà á bá ọ jẹ ẹ́, torí n kò ní ra òróró míì lé e." Nígbà tí Inna Làràbá dé, Ìyá Elépo sọ fún un pé a ò ní ra nǹkan kan fún bí oṣù kan. Inna wo ojú ẹgba lápá mi, ó ní, "Haba, Ìyá Elépo! Yarinya ce fa," pé ọmọdébìnrin lásán ni mí, ó sì ki kulíkúlí méjì bọ̀ mí lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ìyá Elépo pe télọ̀ kó wá bá a kọ lẹ́tà. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Kọ ọ́ sí Àkànní pé kó wá mú ọmọ rẹ̀. Agbára mi ò ká a mọ́." Inú mi dùn, àyà mi sì já, lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi ń bọ̀. Bàbá mi ń bọ̀ wá rí i pé ojú mi ti lọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ epo oníyanrìn. Ẹ̀wà, epo oníyanrìn. Iṣu, epo oníyanrìn. Ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ tùwó, ó pupa, ó sì ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ léyín. Àwọn àgbà ní epo ni ìrójú ọbẹ̀. Tiwa, ìrójú tó ń ha ènìyàn léyín ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi kan ahọ́n, ohun tó ṣe mí kì í ṣe ti yanrìn. Mo mọ adùn yẹn. Bí ọbẹ̀ ìyá mi ṣe ń rí nìyẹn. Mo tẹrí ba sórí àwo, mo rọra ń jẹ ẹ́ kó má baà tètè tán. Ìyá Elépo jókòó sí ìdí ògiri kejì, ó ń tu yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwa méjì nínú yàrá kan, àwo kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan.

Igi dóńgóyárò ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí àdán ń gbé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á tú jáde lọ wá oúnjẹ. Ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé ìyẹ́ wọn nìkan ni mò ń gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ kan, bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí epo dà, mo gbójú sókè, mo rí ọ̀kan. Mo rò pé ọkàn mi ló ń tàn mí. Mo rí ìkejì. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn, dúdú lójú ọ̀run tó ń rẹ̀, mo sì rí kànga, mo rí okùn aṣọ, mo rí Títí lọ́hùn-ún tó ń fi ìka bọ imú. N kò pariwo. Mo rò pé Ọlọ́run ti fi ìyà epo náà dárí jì mí ni, pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ó lè yí ọkàn padà. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún jẹ́jẹ́, láìmi èjìká, bí mo ṣe ti kọ́ ara mi.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

Ìyá Elépo ló wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn mi. Mo wò ó, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. N kò dún rárá; kò sí bó ṣe lè gbọ́ mi. Òun náà dúró bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ dẹ́rù bà. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú ojú, ó yí i, ó tún un yí. Ó wo òkè dóńgóyárò. "Ilẹ̀ ti ṣú, àbí kò tíì ṣú?"

"Ó ti ṣú, mà."

Ó rọra jókòó tì mí lórí òkúta ẹnu ọ̀nà, ibi tí kò jókòó sí rí. "Ó ti tó ọdún mẹ́ta," ó ní, "tí n kò rí àdán." Gbogbo nǹkan tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń já sí mi lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìdí tí kì í fi í lọ sí àdúrà ìrọ̀lẹ́, tó máa ń sọ pé orúnkún ń dun òun; ìdí tó fi jẹ́ pé èmi ló ń rán sí ohun gbogbo lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀; ìdí tí mo fi lè jókòó sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọdún yẹn, tí kò sì bi mí léèrè. Mo ti rò pé kò bìkítà ni. Mo ní, "Èmi náà, mà. Kaza ni wọ́n ń pè mí." Ó yíjú, ó wò mí gan-an. "Ìwọ náà?" Oníṣòwò ni, kò nílò kí ẹnì kan ṣírò rẹ̀ fún un. "Kí la ń jẹ báyìí tí a kì í jẹ tẹ́lẹ̀?" Kó tó sọ ọ́ tán ló ti mọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dùn ún gbọ́. "Epo! Yéè, èmi obìnrin yìí! Àṣé ojú mi ni mo ń tà ní ìgò ìgò!" Kò sọ pé kí n pẹ̀lẹ́. Kò fọwọ́ kàn mí. Ṣùgbọ́n a jókòó síbẹ̀ títí àwọn àdán fi lọ tán, kò sì ní kí n lọ mú nǹkan kan wá.

Mo ti bí àkọ́bí mi kí n tó mọ orúkọ ohun tó ṣe wá. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún mi pé dundumi ni Hausa ń pè é, pé ohun tó mú kí epo yẹn pọ́n ni oúnjẹ ojú gan-an, ó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́ àti máńgòrò pẹ̀lú. Òróró ẹ̀pà kò ṣẹ̀ wá; ó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ti ojú ni kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní bí ènìyàn bá yọ́ epo lórí iná títí ó fi funfun, oògùn inú rẹ̀ ti bá èéfín lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ omi tí Ìyá Elépo fi sè é. Lónìí, àwọn òkìtì ẹ̀pà yẹn ò sí mọ́. Ọ̀dá dá, àrùn mú ẹ̀pà, àwọn àgbẹ̀ gbin nǹkan míì. Igi òrí tó máa ń gba bí ogún ọdún kó tó so, wọ́n ń gé e fi sun èédú. Nílé ọkọ mi lápá ìsàlẹ̀, wọ́n wó igbó tí odò wà nínú rẹ̀ kí wọ́n lè gbin ọ̀pẹ, odò náà sì bá igbó lọ. A fẹ́ràn ohun tó ń bọ́ wa, ṣùgbọ́n a kì í bi í léèrè bóyá òun náà jẹun. Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́rọ̀ mi, ọ̀rọ̀ epo máa ń mú mi bínú.

Bàbá mi dé nígbà tí epo oníyanrìn kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìrọ̀lẹ́ ló dé, pẹ̀lú káàkì iṣẹ́ rẹ̀ àti báàgì kékeré kan. Mo ti di ẹrù mi láti àárọ̀. Àpótí mi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo sì jókòó lé e lórí, mo wọ aṣọ ọjọ́ ìsinmi. Ìyá Elépo fún un ní omi, ó fún un ní iṣu. Bàbá mi jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí lẹ́tà yín gbà. Àjíkẹ́, kí ni mo gbọ́ pé o ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan," Ìyá Elépo ní.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ó da odindi gàráwà..."

"Èmi ni mo gbé gàráwà sójú ọ̀nà. Ilẹ̀ ti ṣú, ojú mi kì í sì í ríran nígbà náà bí ilẹ̀ bá ṣú, n kò mọ ibi tí mo gbé e sí. Mo lu ọmọ ọlọ́mọ lórí ẹ̀bi ara mi." Èmi náà ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí títí di ìṣẹ́jú náà. "Mo ti sọ tẹnu mi. Ọmọ rẹ ni, Àkànní. Ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ti ń retí rẹ látọjọ́ tó ti pẹ́. Bí yàrá bá ti wà, máa mú un lọ lọ́la. Bí kò bá sì tíì sí, kò sẹ́ni tó ń lé e níbí."

Kò pẹ́ kí bàbá mi tó dáhùn. Ohun tí n kò lè gbàgbé nìyẹn, pé kò pẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ti ní kó dúró, kó dúró. Yàrá náà ò tíì bọ́ sí i. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó mi ti fẹ́ẹ́ bímọ." Ó yíjú sí mi, ó ní, "Mo ń bọ̀ wá mú ọ láìpẹ́, o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́, sà.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà yẹn, kò sì tíì sí ẹni tó tan àtùpà. Bàbá mi yíjú kúrò lọ́dọ̀ wa síhà ògiri, ó rò pé òkùnkùn ti bo òun. Mo rí èjìká rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀ tó tú ká, bí ojú aláàárù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ ẹrù, mo rí ẹ̀rín kékeré tó wá sí i lẹ́nu fún ara rẹ̀ nìkan. Mo yí orí pé kí n má wò ó mọ́, ojú mi sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Ìyá Elépo. Òun náà ti ń wò ó. Àwa méjèèjì la rí i.